Lulla Kò Fọn Fèrè

Ọ̀kọ̀ Bosa gba àyà Lulla wọlé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ó sì kàn án mọ́ igi bí awọ tí wọ́n ń sá. Kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Bosa lágbára tó akọ màlúù mẹ́rin, nígbà tí màlúù ṣì wà tá a lè fi wé èèyàn.

Òkú náà dúró gbagidi níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Fèrè ìwo rẹ̀ há sí i lọ́wọ́.

Bosa ò sá o. Fúnra rẹ̀ ló wá bá Olóyè nílùú Tilham, tó ní, "Mo pa olè kan nínú igbó Andred. Kò pariwo, kò fọn fèrè."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Òfin àwa Sásọ́nì ò lọ́jú pọ̀: ẹni tí kì í ṣe ará ìlú, tó bá ya kúrò lójú ọ̀nà, tó gba inú igbó, kó pariwo tàbí kó fọn fèrè. Bó bá ń yọ́ lọ láìdún, olè ni. Ẹni tó bá pa á, ó pa á gbé.

Ọdún kẹta tí ọ̀dá mú wa nìyẹn. Òjò wá dé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wá a mọ́, ó rọ̀ títí ọ̀nà ọba fi di odò, gbogbo ayé wá ń gba inú igbó. Ebi yẹn le débi pé àwọn eku Tilham di ẹrù wọn, wọ́n ṣí lọ síbòmíì. Àwọn ajá ò rí àyè ṣí lọ, a ti jẹ wọ́n. Létí òkun, àwọn kan di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bẹ́ láti orí òkè sínú omi. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ì bá wù mí kó jẹ́ àsọdùn.

Olóyè ṣì ní màlúù díẹ̀ tó fẹ́ fi túlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Òun alára ò pa ọ̀kan jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Bosa máa ṣọ́ igbó.

"A ti rí olè wa," ni Olóyè wí. "Ẹ lọ kó ìyàwó rẹ̀ wá. Ilé tó bá jẹ ẹran olè, ẹrú ni gbogbo wọn."

Ahéré Lulla ò jìnnà, ẹ̀yìn igbó lọ́hùn-ún ni, níbi tó ti ń sun èédú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó Eafe ìyàwó rẹ̀ dé, òun àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n so wọ́n mọ́ abẹ́ igi óákù tí ìlú ti ń ṣèpàdé. Ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú, àwọn ará Fírísíà, ti wà ní èbúté. Bí òkun bá ti kún nírọ̀lẹ́, wọ́n ń lọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti dé abẹ́ igi, ó ń ya ẹnu àwọn ọmọ náà wo eyín wọn.

Ohun tó dá wọn dúró kò ju ẹnì kan lọ. Hemma ni, àjẹ́lẹ̀ ọba. Ó wá gba ìṣákọ́lẹ̀ ní Tilham, kò rí nǹkan kan gbà àfi eyín dídùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ara ń kan án. Ṣùgbọ́n láìsí ẹnu rẹ̀, wọn ò lè sọ ọmọlómìnira di ẹrú.

"Àjẹ́lẹ̀, ṣebí ẹ ti gbọ́," Olóyè wí. "Ẹ ní ó tọ́, ká lọ sílé."

"Ilé wo ni mò ń lọ tí oúnjẹ wà?" Hemma dáhùn. "Ẹ gbé òkú náà wá, kí n rí i."

Bosa àti Tidda ló gbé e dé. Tidda yìí, ẹ̀gbọ́n Eafe ni, ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan. Ní Tilham níbí ló ń gbé pẹ̀lú Lufe ìyàwó rẹ̀. Omi kún abẹ́ igi náà dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàtà Bosa ti mu omi yó, ó ń dún fìọ̀-fìọ̀ bó ṣe ń rìn. Tidda gbé òkú kalẹ̀, ó la omi kọjá lọ bá àbúrò rẹ̀. Omi yí dànù lórí bàtà rẹ̀ bí ìgbà tó bọ́ sórí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ó dì mọ́ Eafe, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ."

"Mo rí wọn. Mo rí wọn, Eafe. Kí ni mo lè ṣe?"

Hemma bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú òkú náà. "Ìyàwó, kí ló dé tí ọkọ rẹ ò pariwo?"

"Bàbá, ẹ bá mi wo ọrùn rẹ̀." Eafe nawọ́, okùn fà á padà. "Ọ̀kọ̀ ló já a lọ́fun lójú ogun. Láti ọjọ́ yẹn, àfi kó sún ẹnu mọ́ etí rẹ kó o tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa gbàgbé fèrè? Lulla tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ lọ yàgbẹ́ lẹ́yìn ilé, á kọ́kọ́ fọn fèrè!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Eafe náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún gbàù.

Hemma ò rẹ́rìn-ín. Ètè òkú náà ló ń wò. Ó ti bẹ́, ó wú, ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn. Òrùka pupa kan yí ẹnu rẹ̀ ká, ó rí rogodo.

"Bosa, ṣé o gbá a lẹ́nu?"

"Rárá o, Bàbá. Ọ̀kọ̀ kan péré ni."

"Lánàá ńkọ́? Ṣé ó gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá nígbà tó ń bọ̀?"

"Ó gba ibẹ̀. Ó sì fọn fèrè dáadáa. Ó dún débi pé àwọn ewé igi já bọ́ lórí mi. Mo ní, 'Lulla, ó tó, o máa jí òkú!' Ó juwọ́ sí mi."

"Láàárọ̀ òní wá ńkọ́?"

"Kùrukùru ni, Bàbá. Ó nípọn bí ẹ̀kọ. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo kàn rí òjìji kan tó ń bọ̀. Mo ní, 'Ta nìyẹn?' Kò fèsì. Mo dúró. Mo tún dúró. Kò dún. Mo wá…" Bosa wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé Lulla ni."

Hemma yọ fèrè náà lọ́wọ́ òkú. Ó fi sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ ò kọjá. Ó tún fọn ọ́n pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Eyín rẹ̀ ta á dé ọpọlọ, ó pariwo bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú, ṣùgbọ́n fèrè ò dún.

Ó gba igi tín-ín-rín kan, ó tì í bọ ihò fèrè náà. Igi ò lọ. Nígbà tó yọ ọ́, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, ó funfun, ó tún fẹ́ pọ́n bí eyín àgbàlagbà. Ó le gan-an.

"Wọ́n dí i," ni Hemma wí.



Bosa kúnlẹ̀ gbì sínú omi. "Bàbá, mi ò gbọ́. Mo fi ìyá tó bí mi búra, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé o ò gbọ́. Wọn ò fẹ́ kó o gbọ́. Ẹnìkan ló jù ọ́, Bosa, bí ìwọ náà ṣe ju ọ̀kọ̀."

"Ìda oyin nìyẹn!" ẹnìkan kígbe. "Ta ló tún ní ìda oyin nílùú yìí?"

Ẹni méjì péré ni. Gbogbo ojú yí sí Tette, obìnrin tó ń pọn ọtí, nítorí ìda ló fi ń lẹ ẹnu ìkòkò rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí àlùfáà ẹ̀sìn tuntun, nítorí àbẹ́là rẹ̀.

Olóyè wo oòrùn. "Àjẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n dí fèrè, kò sọ pé kò jí màlúù. Olè náà lè ní ọ̀tá. Títí òkun á fi kún ni mo fún yín, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tette," Hemma pè é, "wọ́n ní ìwọ àti Lulla jà lánàá."

"A jà! Èédú tútù ló kó wá fún mi. Mo ní ṣé kí n máa fẹ́ iná títí ẹ̀dọ̀fóró mi á fi jáde ni? Gbogbo ìlú ló gbọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn, ṣé á kọ́kọ́ pe ìlú jọ?"

"Ibo ló gbé fèrè rẹ̀ sí nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ọmọlúàbí ń kọ́ ọ sí. Àbí ilé yín ni wọ́n ti ń gbé fèrè igbó wọ iyàrá?"

"Ìda rẹ ńkọ́?"

Tette ṣẹ̀rín kíkorò. "Ìda wo? Ọkà báálì ti tán láti ìgbà wo? Ọtí wo ni mo ń pọn tí mo ń lẹ ẹnu ìkòkò? A ti jẹ ìda, Bàbá. Mo sè é pọ̀ mọ́ awọ bàtà ọkọ mi. Bàtà ló dùn jù níbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ mi!"

Ọkọ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ lásán ni.

Hemma kọjú sí àlùfáà. Ọkùnrin náà ti gbẹ débi pé bí oòrùn bá ràn sí i lẹ́yìn, èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti iwájú. Kó tó lanu, ẹnìkan ti sọ òkúta lù ú.

"Òun ni! Láti ìgbà tó ti dé pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀ ni òjò ti sá!"

"Òjò ti dé," àlùfáà wí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀. "Ẹ bínú nígbà tí kò rọ̀, ẹ tún ń bínú pé ó rọ̀."

"Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni Lulla sùn?" Hemma bi í.

"Ọ̀dọ̀ mi ni. Ó gbé fèrè kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní àbẹ́là kan ṣoṣo tó kù, ó wà lórí pẹpẹ, ẹ lọ wò ó. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé e. Àwo ọbẹ̀ ewé ni mo fún un, kò mu ún, ó ní ọkàn òun wúwo. Mo bi í kí ló ṣe é. Ó sún mọ́ etí mi, ó ní, 'Màá kọ́kọ́ bá ẹni tó kàn sọ ọ́.' Ó jáde ní kùtùkùtù."

"Ta ni ọ̀rọ̀ kàn?"

"Kò sọ, mi ò sì fi agbára bi í. Ibi tó yà sí ni mo rí. Ilé àna rẹ̀."

Hemma gbójú sókè. "Tidda."

"Bàbá."

"Ó yà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ó yà. Ṣé kó kọjá láìkí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni? Omi gbígbóná ni mo fún un. Kí ni mo tún ní?"

"Fèrè rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè fọwọ́ kàn án. Kùrukùru yẹn, ta ló máa rí i?" Tidda nu ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀. Ẹ bá Olóyè sọ̀rọ̀. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Ọkùnrin Fírísíà náà ti ń tú okùn lára igi. Ọmọ Eafe tó kéré ń bèèrè bóyá búrẹ́dì wà nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní búrẹ́dì pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i. Eafe gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá igi.

"Àjẹ́lẹ̀!" Olóyè kígbe. "Òkun ti ń kún!"

Hemma dìde. Ó gbé fèrè náà sí imú, kò gbọ́ òórùn, ìdajì ojú rẹ̀ ti kú. Kò lè gé nǹkan náà tọ́ wò, eyín rẹ̀ ò gbà. Ó wo iná tí àwọn olùṣọ́ dá sórí òkúta lábẹ́ ẹ̀ka igi. Ó lọ síbẹ̀, ó na fèrè sórí ẹyin iná.

"Bó bá jẹ́ ìda oyin," ó ní, "a óò gbọ́ òórùn oyin."

Ohun tó dí i kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ó kán sínú iná, tó, tó, tó. Iná náà ta pàràpàrà. Èéfín gbé òórùn rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀ lábẹ́ igi náà.

Kò sí oyin níbẹ̀ rárá.

Bàbá arúgbó kan tí kò ti dìde láti ìgbà ìkórè tó kọjá dìde dúró. Àwọn ọmọ ọwọ́ dákẹ́ ẹkún. Itọ́ bọ́ lẹ́nu wa, tí mo bá ní ó lè yí ọlọ, mi ò purọ́ jù. Kódà Olóyè gan-an mí èémí gígùn, ó dijú. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò mọ̀ pé òun ń sunkún.

"Màlúù," obìnrin kan wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀rá màlúù ni."

"Ọ̀rá màlúù ni," Hemma wí. "Ọ̀rá tútù, kì í ṣe ti èṣí. Olóyè, ṣé ẹ pa màlúù?"

"Ọ̀kan ò kú lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó bá ní ọ̀rá màlúù ní Tilham lónìí, òun ló ń jí màlúù yín. Òun ló yọ́ ọ̀rá sínú fèrè yìí. Òtútù wá mú un dì. Lulla dé inú igbó, ó fọn ọ́n, kò dún. Ó rí òjìji Bosa. Ó gbọ́ 'Ta nìyẹn?' Kò lóhùn tó máa fi fèsì. Ó fọn ọ́n títí ètè rẹ̀ fi bẹ́, títí ọ̀kọ̀ fi bá a. Kì í ṣe olè. Olè ló pa á."

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lẹ́nu. Wọ́n ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń wo ikùn, bóyá ẹnìkan sanra. Hemma ò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn, ó ń wo ẹsẹ̀. Bàtà tó ti là. Bàtà tó ti jẹrà. Ẹsẹ̀ lásán. Èyí tó ń mu omi bíi kànrìnkàn. Ó dúró.

"Tidda, bọ́ bàtà rẹ ọ̀tún."

"Bàbá?"

"Òjò ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti rọ̀, gbogbo bàtà ìlú ti jẹrà. Tìrẹ ń dán. Omi ń sá fún un. Kí lo fi ń pa á?"

"Ọ̀rá… ọ̀rá àgùntàn. Ti àtijọ́."

"Ó dáa. Bọ́ ọ, ká gbé e sórí iná. Imú ìlú wà níbí."

Tidda ò bọ́ bàtà. Eafe ti gbé orí sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Bọ́ bàtà yẹn. Bọ́ ọ fún wọn, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìwọ."

Tidda wò ó. Ó tún wò ó. Ó wá jókòó sínú omi.

"Lulla rí orí màlúù níbi tí mo rì í mọ́," Tidda wí. "Nínú igbó, níbi tó ti ń gé igi èédú. Ó wá bá mi láàárọ̀. Ó sún ẹnu mọ́ etí mi, ó ní kí n lọ sọ fún Olóyè fúnra mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á sọ. Mo ní kó jókòó, kí n bu omi gbígbóná fún un. Ọ̀rá wà lórí iná. Mo bù ú, mo jáde, mo dà á sínú fèrè, mo wọlé padà. Ó mu omi náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Àbúrò rẹ ni mí, Tidda!"

"Bí wọ́n bá mú mi, wọ́n á so mí kọ́, wọ́n á kó àwọn ọmọ mi lọ sínú ọkọ̀. Èmi náà bímọ, Eafe. Mi ò rò pé wọ́n máa kó tìrẹ. Mo rò pé wọ́n á kàn ní olè ni, wọ́n á sin ín, ó parí. Nígbà tí wọ́n kó ẹ dé, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò là."

Bosa ló tú okùn lọ́wọ́ Eafe.

Wọ́n mú Tidda. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Fírísíà náà ò tíì gbéra, Olóyè sì ń wá ẹran rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Òfin ò yí padà," ó ní. "Ilé tó jẹ ẹran olè. Ẹ mú ìyàwó rẹ̀ wá."

Wọ́n wọ́ Lufe jáde láàárín èrò, pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Okùn tí wọ́n tú lọ́wọ́ Eafe ni wọ́n gbé.

"Mo fẹ́ búra!" Lufe ń kígbe. "Òfin ní mo lè búra pé mi ò tọ́ ẹran náà wò, kí wọ́n fi mí sílẹ̀! Àjẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n búra!"

"O lè búra," Hemma wí. "Ta ló máa bá ọ búra? Àfi ẹni òmìnira kan, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ."

Kò sẹ́ni tó mira. Òórùn ọ̀rá yẹn ṣì wà nínú imú wọn. Ní tòótọ́, Eafe ti bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan náà láàárọ̀ kí Hemma tó dé, ó sì wo ojú Lufe, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó dìde bá òun búra. Ilẹ̀ ni Lufe ń wò.

Ó wá di pé ilẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wò.

"Kò sí?" Olóyè bèèrè. "Ẹ dì wọ́n."

"Èmi ńkọ́?" Eafe wí.

Ó ti dìde. Kò wo Tidda. Ó la omi kọjá, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kọ̀ tí Hemma nà sílẹ̀, bí a ti máa ń ṣe bí a bá ń búra.

"Mo bá Lufe búra," ó ní. "Kò mọ̀. Kò tọ́ ọ wò. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó tọ́ ọ wò nínú wọn."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" Hemma bi í.

"Mo ti búra."

Ọmọbìnrin Lufe kékeré fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn ló dùn jù nínú—"

Eafe ti gbé e kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó tẹ ojú ọmọ náà mọ́ àyà rẹ̀ gírígírí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ọmọ náà jà díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Hemma ti gbọ́. Ó wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣe kó má gbọ́. Òun tó gbọ́ ohùn lẹ́nu fèrè tó ti dí, ó wo ọmọ náà, ó wo Eafe, ó sì fa ọ̀kọ̀ rẹ̀ sókè.

"A ti gba ìbúra náà," ó ní. Ó kọjú sí ọkùnrin Fírísíà. "Máa lọ. Òkun ò ní dúró dè ọ́."